Apá Ni

Bàbá kú ní oṣù Ọ̀wàrà. Mi ò sunkún.
Mo ka àga tí wọ́n já sílẹ̀, mo ka kúlà omi,
mo bá awakọ̀ tó gbé òkú wá láti Adó yọwó,
mo dúró létí kòtò ní Ẹ̀fọ̀n, nínú kùrukùru,
bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò Àrámọkọ.
Àǹtí Fẹ́hìntọ́lá wò mí títí, ó ní,
"Ọmọ yìí, ṣé òkúta ni ẹ̀dọ̀ rẹ ni?"

Mi ò mọ èsì. Mo wá inú ara mi kiri
bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó lu.
Wọ́n ní ìbànújẹ́: inú a máa bà jẹ́.
Tèmi ò bà jẹ́. Ó wà bó ṣe wà,
ó jẹ iyán, iyán dà, ó tún bèèrè òmíràn.

Ọyẹ́ dé. Ètè là, gìgísẹ̀ là.
Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi láràárọ̀,
mo bá gba ilé ìwòsàn ẹ̀yìn pápá lọ.

Nọ́ọ̀sì Adéfolúkẹ́ ní kí n ká ọwọ́ aṣọ sókè.
Ó we ọ̀já dúdú kan mọ́ mi lápá, lókè ìgùnpá,
ó ń tẹ rọ́bà roboto ọwọ́ rẹ̀, fù, fù, fù.
Ọ̀já náà wú. Ó fún. Ó tún fún sí i,

àfi bí ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ ńlá kan
dì mí mú níbẹ̀ gan-an.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Òkè tó lọ sóko kòkó,
òjò ti pa àpáta, ó ń yọ̀ bí ilá.
Bàbá kì í di ọmọ lọ́wọ́ mú.
"Ọwọ́ a máa bọ́," ló máa ń wí, "apá kì í bọ́."
Apá ló ń dì mú, apá òsì, lókè ìgùnpá,
ìka mẹ́rin níwájú, àtàǹpàkò lẹ́yìn,
yóò fún un títí iṣan á fi máa lù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀,
tí mi ò ní mọ̀ bóyá tèmi ni tàbí tirẹ̀.
Ó ń dùn mí. Mi ò sọ.
Bó bá fi mí sílẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀,
ibi tọ́wọ́ rẹ̀ ti kúrò á tutù lójijì.

Kì í ṣe pé mo ronú kàn án o.
Apá ló kọ́kọ́ mọ̀. Apá sọ fún ọ̀fun,
ọ̀fun dí. Imú ta mí bí ẹni tó fín ata.
Orúnkún gbọ́, ó yẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo jókòó.
Èmi ni ìròyìn dé bá gbẹ̀yìn,
bí baálé tó ti oko dé, tó bá àlejò nídìí ọbẹ̀:
omi ti ń kán sórí káàdì
kí n tó bèèrè pé kí ló dé.

"Bàbá, ṣé ó ń dùn yín ni? Ṣé kí n dẹ̀ ẹ́?"

Bàbá. Èmi ló ń pè.

Mo fẹ́ dá a lóhùn, èdè wa ni ò jẹ́.
Oyin dùn. Egbò dùn mí.
Ọ̀rọ̀ kan, ohùn kan,
ara nìkan ló mọ èwo lèwo,
nígbà mìíràn, ara gan-an ò mọ̀.

Mo ní, "Má dẹ̀ ẹ́. Fún un sí i díẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni wo àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ti ń rá.
Ó tú afẹ́fẹ́ náà, ṣììì.
Ó kọ nọ́mbà kan lé òmíràn lórí, ó mirí.
"Ẹ̀jẹ̀ yín ga. Kí lẹ gbé sọ́kàn?"

"Ọkàn kọ́," ni mo wí. "Apá ni."

Mo gba ìdí òkè délé nínú ọyẹ́.
Nígbà tí mi ò rí ẹnikẹ́ni lọ́nà,
mo fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì mú.
Kò fún tó.